Ọjọ́ Ìgbéyàwó Tí Alàgbà Kò Retí

Títí di òní, bí ẹ bá dé àwọn abúlé orí òkè New Hampshire tí ẹ sì dárúkọ Alàgbà Asaheli Thurlow, àwọn àgbà á ròyìn ìjọ mọ́kànlá tó dá sílẹ̀ fún yín. Wọ́n á sọ nípa ohùn rẹ̀ tó máa ń la ògiri abà kọjá lọ bá màlúù lórí pápá, àti bó ṣe fi ọgbọ̀n ọdún wàásù pé Jésù ń bọ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba déètì lẹ́nu òun. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í dá ọjọ́ mọ́, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé ìdáná, obìnrin kan ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kétúrà Whitcomb lorúkọ obìnrin náà, ọmọ Díákónì Barsillai tó ní oko ápù ní Harrow Hill. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa hun koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń ran fìlà. Ó gbé iṣẹ́ náà dání lọ sí abà tí Asaheli ti kọ́kọ́ wàásù lágbègbè wọn ní oṣù kẹta ọdún 1844, torí ó rò pé bí ìwàásù bá sú òun, òun á rí nǹkan ṣe. Asaheli ta aṣọ ńlá kan sára ògiri. Wọ́n ya kìnnìún abìyẹ́ àti ẹranko oníwo mẹ́wàá sí i, wọ́n sì to nọ́ńbà ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fi igi kan ń tọ́ka láti ọdún dé ọdún títí ó fi kan ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó ní Olúwa á dé kó tó parí. Ẹ̀wù rẹ̀ kúrú lápá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúrú rárá. Nígbà tí Kétúrà máa fi wo itan ara rẹ̀, koríko tó hun kò tíì gùn ju ìka kan lọ.

Ó gbà á gbọ́. Ká má purọ́, òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo lòun kọ́kọ́ gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tó ń sọ ọ́. Ó ṣèrìbọmi ní oṣù karùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá tí wọ́n dá, ó wà láàárín àwọn tó jókòó sínú abà láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń yọjú wo ọ̀run. Olúwa kò dé. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú ti dúró sójú ọ̀nà láti kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ò tíì gòkè ni?"

"Àbí bàtà lẹ gbàgbé tí ẹ padà wá mú?"

Asaheli gba àárín wọn kọjá lọ sílé. Àgbàdo rẹ̀, tó kọ̀ láti kórè torí kí lèèyàn ń fi àgbàdo ṣe lọ́run, dúró lóko títí yìnyín fi bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń tẹ̀ lé e, méjìlélọ́gbọ̀n ló kù.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìfẹ́ wọn wá gbóná. Ẹni tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í pẹ́ mọ ojú tó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Àǹtí Hulda, ẹ̀gbọ́n bàbá Kétúrà, opó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ló di alárinà wọn. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, abẹ́ ìdì koríko fìlà sì ni lẹ́tà wọn ń gbà kọjá.

"Alàgbà," Àǹtí Hulda wí lọ́jọ́ kan, "ẹ ti ń jẹ búrẹ́dì mi láti oṣù kejìlá. Ṣé búrẹ́dì lẹ wá jẹ ni, àbí ọmọ tó ń gé e fún yín lẹ wá wò?"

Etí Asaheli pọ́n. "Ẹ̀yin náà mọ̀, mà."

"Èmi mọ̀. Ẹ jẹ́ kóun náà mọ̀." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó wọ ìyẹ̀wù lọ.

Asaheli yíjú sí Kétúrà. "Mo fẹ́ràn rẹ," ó ní. "Ó ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Àwọn ará ní ẹni tó bá gbéyàwó lásìkò yìí ti sẹ́ ìgbàgbọ́, pé ẹni tó ń retí Olúwa lónìí kì í kọ́lé de ọ̀la."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin ń wí?"

"Mo ní kí o fún mi láyè díẹ̀."

Ó fún un láyè. Oṣù kẹta lọ, oṣù kẹfà lọ, oṣù kẹjọ wọlé. Bí Asaheli bá rìn dé lọ́jọ́ tó dáa, Kétúrà á rò pé òní ni. Bó bá lọ láìsọ nǹkan, á máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkàn òun ló burú, òun tó yẹ kó máa wá ìjọba ọ̀run tó ń wá ọkọ. Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Àǹtí Hulda rí i, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ lóko.

"Barsillai, Thurlow fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ."

"Èwo? Ẹlẹ́ranko oníwo?"

"Òun náà ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí kò gbà pé ọdún tó ń bọ̀ máa dé, kí ló fẹ́ fi bọ́ ìyàwó lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹni tó fi àgbàdo sílẹ̀ fún yìnyín á fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ebi."

"O sì ń wo ọmọ náà bó ṣe ń rù?"

Barsillai sọ apẹ̀rẹ̀ ápù kalẹ̀. Òǹrorò kọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní. "Ó dáa," ó ní. "Kó lọ bá akọ̀wé ìlú. Kí wọ́n kọ orúkọ òun àti ti Kétúrà síwèé, kí wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn fún ọ̀sẹ̀ méjì bí òfin ṣe wí, kí tajá tẹran kà á. Kó sì dá ọjọ́ fún mi. Ọjọ́ gidi, tí mo lè pa ẹlẹ́dẹ̀ dè. Ìgbà yẹn ni màá mọ̀ pé ó ti gbà pé ọ̀la ń bẹ."

Ó lé ní oṣù kan kí Asaheli tó wá. Kétúrà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fetí sí wọn.

"Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹwàá, sà," Asaheli wí. "Ìwé á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí."

Barsillai bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mi ọwọ́ náà bí ẹni ń fa omi ní kànga. Inú Kétúrà dùn dé góńgó. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: nígbà tí Asaheli ń jáde, kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìwé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá gba abà lọ, ó ń múra sílẹ̀ de ìbínú àwọn ará, torí ó mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣe ọbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bà á lẹ́rù. Ó fa Tirsa, ìyàwó Arákùnrin Obadiah, sẹ́yìn abà.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá gbéyàwó ti sẹ́ ìgbàgbọ́, kí ló pa yín lẹ́nu mọ́?"

Tirsa dì í lọ́wọ́ mú. "Àbúrò mi, kí la fẹ́ sọ? Alàgbà ti là á yé wa. Wọ́n ní ọdún kan péré la fi ṣì í kà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni Olúwa ń bọ̀. Ọjọ́ ọgbọ̀n tí wọ́n fún bàbá rẹ, kò ní dé." Ó fọwọ́ pa á léjìká. "Ọkàn bàbá rẹ balẹ̀, ọkàn ìjọ náà balẹ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni Alàgbà."

Kétúrà kò mọ bó ṣe délé. Ó yé e wàyí. Asaheli fẹ́ kí ejò kú, kó sì má jẹ́ kí igi ṣẹ́. Ó fún bàbá ní ọjọ́, ó fi ọ̀run gba ọjọ́ náà padà. Èyí tó dun Kétúrà jù ni pé kò rò pé òun parọ́, torí ó gbà gbọ́ dénú pé kò sẹ́ni tó máa wà láyé láti bi òun léèrè.

Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó ápù sí, ó fẹ́ gbàdúrà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dé. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ péré sí i." Nígbà tó gbọ́ ohun tóun ń sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Irú onígbàgbọ́ wo nìyí, tí gbogbo ìjọ ń ní kí Olúwa máa bọ̀, tóun nìkan ń ní kó dúró ná? Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Asaheli wá bá wọn ká ápù. Kétúrà dúró títí bàbá rẹ̀ fi wa kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sílé.

"Alàgbà, ọjọ́ tí ẹ fún bàbá mi, ṣé ẹ gbà pé ó máa dé?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀ka. "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ dá mi lóhùn."

Ó fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. "Rárá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀."

"Ọjọ́ tí kò sí lẹ wá fi tọrọ mi."

"Kétúrà, gbọ́. Bí Olúwa bá dé, gbogbo wa la jèrè. Bí kò bá dé, màá fẹ́ ọ. Ibo ni mo ti ṣẹ̀ ọ́?"

"Ibi tí ẹ ti sọ mí di àjẹkù!" Kétúrà ju ápù ọwọ́ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. "Tí Olúwa bá já yín kulẹ̀ lẹ ó wá rántí mi. Ẹ̀yin náà lẹ kà á sí wa létí pé lọ́run wọn kì í gbéyàwó. Ṣé ẹ rò ó títí dé òpin? Bó bá dé lọ́jọ́ kejìlélógún, mi ò ní jẹ́ ìyàwó yín mọ́. Kì í ṣe fún ọdún kan, kì í ṣe fún ọdún méjì. Láéláé ni! Ohun tí ẹ sì fi ń tu ìjọ nínú nìyẹn."

 Ó hàn lójú Asaheli pé kò rò ó débẹ̀ rí, òun tó mọ ìṣirò ọdún ẹgbẹ̀rún méjì lórí.

"Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ìwé náà á pé ọ̀sẹ̀ méjì," Kétúrà wí. "Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ fẹ́ mi kí Olúwa tó dé, kó wá bá mi nílé yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lọ já ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn."

"Ìjọ á ní mi ò gbà gbọ́ mọ́. Kétúrà, èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n péré ló kù lẹ́yìn mi."

"Mo mọ̀. Mo wà nínú wọn."

Asaheli lọ láìmú fìlà rẹ̀.

Kò wá mọ́. Kò kọ̀wé. Ojoojúmọ́ ni Kétúrà ń wá ohun tóun fẹ́ rà nílùú, kó lè gba iwájú ilé ìjọsìn kọjá, kó wò ó bóyá ìwé náà ṣì wà. Bó bá rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́. Kó tó délé, ẹ̀rù á ti bà á nítorí ọ̀la. Gbogbo ìgbà tó bá sì kúnlẹ̀, àdúrà kan náà ló ń gbà.

"Àǹtí, ṣé mo le jù ni?" ó bi Àǹtí Hulda lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Bóyá. Èmi ni mo sọ fún ọkọ mi pé kó wá fẹ́ mi. Ó lo oṣù mẹ́ta kó tó rí ohùn fi dá mi lóhùn."

"Èmi ò ní oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní."

"Bí ìṣirò Thurlow bá rí bó ṣe wí nìyẹn," Àǹtí Hulda wí, ó sì tì í jókòó. "Jẹun."

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, Kétúrà jókòó sórí àga kejì nínú abà. Asaheli wọlé, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Kò mú igi tó fi ń tọ́ka dání.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "mo sọ fún yín pé ọjọ́ ìgbéyàwó mi kò ní dé. Mo sọ fún Díákónì Whitcomb pé ó máa dé. Ẹnu kan náà ni mo fi sọ méjèèjì. Mo gbà pé Olúwa ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó wá bá irọ́ lẹ́nu mi. Ní ọ̀tunla, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màá fẹ́ Kétúrà."

 Obadiah dìde. "Alàgbà, ẹni tí ń lọ sọ́run ní Ọjọ́rú, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, Arákùnrin Obadiah. Mi ò ní ìdí mìíràn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà ayé Nóà! Wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n sì ń fa ìyàwó fún ni, títí ìkún omi fi gbá gbogbo wọn lọ. Ẹ ti kà á sí wa létí tó. Lónìí ẹ̀yin fúnra yín ti dà bíi wọn." Ó lọ sídìí ògiri, ó tú aṣọ ẹranko náà sílẹ̀, ó ká a sábẹ́ apá, ó jáde. Tirsa tẹ̀ lé e, àwọn yòókù náà sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí Kétúrà mọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn dákẹ́, ó ku òun àti Asaheli, àti Bàbá Jotamu tó dití, tó ṣì ń retí kí wọ́n dá orin.

Láti ibẹ̀, Asaheli lọ bá Barsillai, ó sì jẹ́wọ́ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Barsillai wò ó títí.

"Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí oníwàásù máa wá sọ fún mi pé òun purọ́," ó ní. "Tí ayé ò bá wá parí ní Ọjọ́rú yìí ńkọ́?"

"Ní Ọjọ́bọ̀ màá wà lóko yín, sà. Iṣẹ́ tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

"O ò sì ní ìjọ mọ́ báyìí?"

"Bàbá Jotamu ló kù, sà."

Barsillai fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ké sí Kétúrà pé kó lọ gbé omi kaná, torí ẹlẹ́dẹ̀ tóun fẹ́ pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní rí ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́.

Onídàájọ́ ìlú ló so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ilé ìdáná Barsillai. Nígbà tí ìlú gbọ́ pé wọn ò dúró de ọjọ́ ọgbọ̀n mọ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù oyún lórí ìka. Àǹtí Hulda ní kí wọ́n máa kà á lọ, pé bí ìka ọwọ́ kò bá tó, kí wọ́n bọ́ bàtà.

Ní Ọjọ́rú, ẹni méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Àǹtí Hulda láti ìdájí. Kò sí ìjọ, kò sí orin. Kétúrà wọ aṣọ àná. Láàárọ̀ ó kúnlẹ̀, ó sì gba àdúrà tí kò rí gbà láti ọ̀sẹ̀ méjì: "Olúwa, ẹ máa bọ̀." Ó gbà á tọkàntọkàn, kò sì fi nǹkan kan sẹ́yìn. Ọ̀sán pọ́n. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sẹ́yìn òkè. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù ni èjìká Asaheli ń wálẹ̀.

"Mo tún ṣì í kà," ó ní nígbẹ̀yìn. Ohùn yẹn tó máa ń la abà kọjá kò ju ti aláìsàn lọ. "Mo ti pàdánù ìjọ. Mo sì tún ṣì í kà."

Ẹ̀rù ba Kétúrà. Ó rò pé bóun ò bá sọ ọ́ báyìí, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́. "Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan fún yín. Bóyá ẹ ò ṣì í kà. Láti ọjọ́ tí Tirsa ti bá mi sọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Olúwa pé kó má tíì dé. Mo ní kó fún mi láyè di ọjọ́ ọgbọ̀n. Òní yìí nìkan ni mo tó ní kó máa bọ̀, bóyá ó ti pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo dá a dúró."

Asaheli yíjú sí i. Kétúrà kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń retí kó dìde, kó lọ bá Obadiah.

"Ojoojúmọ́?" ó bi í.

"Àràárọ̀ àti alaalẹ́."

"Kétúrà, bí àdúrà rẹ bá lágbára tó láti dá Olúwa dúró lọ́nà, ta lèmi tí mo rò pé mo lè sá mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún ní àárín, ó fi orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sunkún Olúwa rẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò dé láti ọjà. Kétúrà dì í mú. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ nítorí ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé ilẹ̀ òní ṣú bá òun níbẹ̀, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń tọrọ ìdáríjì fún irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀.

Oòrùn wọ̀. Láti inú ilé, Àǹtí Hulda ké pé ẹ̀wà ti ń tutù, pé òun ò tíì kà á níbì kankan pé ẹni tó ń retí Olúwa kò gbọdọ̀ jẹun alẹ́. Asaheli nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó sì na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Olúwa ń bọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò ní dá ọjọ́ fún un mọ́."